Kí ni iṣẹ́ tíṣà adelé níléèwé ìjọba l'Amẹ́ríkà?

Iṣẹ́ tíṣà adelé ni pé kó ṣọ́ àwọn ọmọ dáadáa, kó sì kọ́ wọn ní ohun tí tíṣà tí ò wá lọ́jọ́ yẹn ti kọ sílẹ̀ dè é.

Ó yẹ kó tètè dé, á yà ní ọ́fíìsì kọ́kọ́, á pe orúkọ àwọn ọmọ ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, á tẹ̀lé òfin iléèwé yẹn, tí iṣẹ́ bá sì parí á kọ lẹ́tà kékeré sílẹ̀ fún tíṣà nípa ibi tí wọ́n kàwé dé àti ọmọ tó bá dá wàhálà sílẹ̀. Ìyẹn rọrùn. Ibi tó lágbára ni ọ̀rọ̀ ààbò, torí kò gbọ́dọ̀ fi àwọn ọmọ sílẹ̀ láìsí àgbàlagbà lọ́dọ̀ wọn. Ní California, òfin ò gbà kí wọ́n na ọmọ níléèwé ìjọba, tí tíṣà adelé bá sì fura pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ kan nílé, dandan ni kó pe ìjọba lójú ẹsẹ̀, kó sì fi ìwé tì í láàárín wákàtí 36, sísọ fún ọ̀gá iléèwé nìkan ò tó rárá.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tiẹ̀ o. California sábà máa ń béèrè dígírì àti ìwé àṣẹ, àmọ́ ní Texas, ìjọba àdúgbò tó ń bójú tó iléèwé ló ń pinnu ìwé tí èèyàn gbọ́dọ̀ ní, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló ń gba ìtẹ̀ka.