Èsì: Kí amòye tó lọ, kí iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní bí amòye tó ń bá yín mú ọmọ ẹja àrọ̀ jáde ní Ìkòròdú bá ti lọ, kò sí òṣìṣẹ́ yín tó lè dá a ṣe.

Ìwé àdéhùn yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ iye ọmọ ẹja nìkan ló wà níbẹ̀, òun náà ni yóò máa lé. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó di ìgbà tí òṣìṣẹ́ yín bá dá ṣe é délẹ̀ kó tó gba owó tó kù.

Ẹni méjì ni kí ẹ yàn tì í, torí ẹnì kan lè fiṣẹ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti wò ó lẹ́ẹ̀kan, kí abẹ́rẹ́ tí a ń gún abo ẹja kí ẹyin rẹ̀ lè gbó bọ́ sọ́wọ́ tiwọn, kí amòye náà dúró tì wọ́n. Kó sì sọ ìdí ohun gbogbo: bí omi bá wà ní nǹkan bí 27°C, wákàtí 10 sí 12 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ la máa ń fún ẹyin jáde níkùn ẹja, bí omi bá tutù, ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò mọ èyí á kàn máa wo aago ni, ẹyin á sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bí kò bá gbà kí wọ́n fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹlòmíì.