Xin kì í ṣe ata

Ẹnì kan bi mí bóyá òótọ́ ni pé ata ni "xin" tó máa ń jáde nínú ọ̀rọ̀ ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà. Inú ọkọ̀ èrò ló ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ẹni tó ń polówó àgbo inú ìgò. Èmi náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu irú wọn rí: "Ata ni Ṣáínà fi ń wo gbogbo àìsàn!" Díẹ̀ ló kù kí n bọ́ sílẹ̀ kí n tó débi tí mò ń lọ.

Rodo àti ṣọ̀ǹbọ̀ tí ẹ mọ̀ yìí, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣẹ̀. Ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni irú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ṣáínà. Ìwé kan tí wọ́n kọ níbẹ̀ ní 1591 dárúkọ rẹ̀. Xin ti wà lẹ́nu àwọn oníṣègùn wọn láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú ìgbà yẹn. Báwo ni ọmọ ṣe fẹ́ bí bàbá rẹ̀?

Adùn márùn-ún ni wọ́n kà: kíkan, kíkorò, dídùn, oníyọ̀, àti xin. Mẹ́rin àkọ́kọ́ kò gba àlàyé. Ẹ̀karùn-ún ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí: "ta" wa gan-an ni. Ewúro a máa korò, ọsàn a máa kan, ṣùgbọ́n ata, ńṣe ló ń ta, bí àkekèé ṣe ń ta, bí oyin ṣe ń ta. Ìṣe là ń sọ níbẹ̀. Ní 1997, David Julius, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí i pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni capsaicin, èròjà tó ń mú ata ta, àti ooru tó ń jóni ń ṣí lára iṣan ìmọ̀lára. Iṣẹ́ yẹn wà lára ohun tó gba Ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2021. Ìrora ni ata, àwọn tó sọ pé ó "ta" kò ṣì í sọ.

Àwọn ọmọ wa ńkọ́? "Ọbẹ̀ yìí pẹ́pà jù." Ẹni tí "ta" bá ti sọnù lẹ́nu rẹ̀, kí ni n ó fi ṣàlàyé xin fún un?

Nígbà tí mò ń lọ ra ọjà ní Guangzhou, ní Ṣáínà, òjò pa mí dé ìsọ̀ bàbá kan tó ń ta egbòogi. Ó rẹ́ jíńjà tútù pẹlẹbẹ, ó sè é pẹ̀lú ṣúgà pupa, ó ní kí n mu ún ní gbígbóná. Kò pẹ́ tí òógùn fi ń ṣàn níwájú orí mi. Ó ní xin ló ń tú òtútù ká yẹn. Mo nawọ́ sí jíńjà gbígbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mi orí: tinú ni ìyẹn, fún ẹni tí ikùn rẹ̀ tutù. Gbòǹgbò kan, oògùn méjì! Bí jíńjà bá ń gbẹ, gingerol, èròjà títa inú rẹ̀, máa ń pàdánù omi, yóò di shogaol, èyí tó ń ta ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ tún wo bohe, ewé míǹtì wọn. Xin ni wọ́n kà á sí, síbẹ̀ títutù ni wọ́n ní ó jẹ́. Ẹni tó ní ata ni xin, kó wá ta míǹtì sọ́bẹ̀ ká wò ó. Ti huajiao, èso igi kan tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, tó ń mú ètè gbọ̀n rìrì, ẹ fi sílẹ̀. Xixin, egbòogi wọn mìíràn, sì ní xin lórúkọ. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ ju qian kan lọ, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 3. Èròjà kan sì wà nínú rẹ̀ tó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ má fi ṣeré.

Lọ́jọ́ tí mo ń padà bọ̀, mo bá bàbá yẹn gbé àpò egbòogi méjì wọlé. Ó ní "xinku le". Títa àti kíkorò ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń fi kí ẹni tó ṣe làálàá. Ẹ kú iṣẹ́ ni mo gbọ́ sí i, ni mo bá dá a lóhùn pé, "Òo, ẹ ṣé, bàbá."