Ohun Tí Àlejò Láti Japan Ń Fowó Rà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Èmi àti ọkọ mi ní ilé àlejò oníyàrá mẹ́wàá. Tọkọtaya àgbàlagbà kan láti Japan sùn sọ́dọ̀ wa láìpẹ́ yìí. Gbogbo ohun tí a bi wọ́n, “ó dára” ni wọ́n ń wí, wọ́n á sì tẹrí ba. Ìgbà tí wọ́n lọ tán la rí i tí wọ́n kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé omi gbígbóná ò pẹ́ tán, ọkọ̀ tó yẹ kó gbé wọn jáde láàárọ̀ náà ò sì tètè dé. Kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ lójú wa? Kí la lè ṣe kí irú wọn máa wá?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé gan-an, ìyá mi. Ẹ má rò pé ojú ayé ni wọ́n ń ṣe. Lójú ọ̀pọ̀ ará Japan, kéèyàn dójú ti onílé burú ju kí omi tutù lọ. Wọ́n á pa á mọ́ra, wọn ò kàn ní padà wá. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ráhùn. Ẹ fi ìwé pélébé kan sórí bẹ́ẹ̀dì wọn lálẹ́ àkọ́kọ́, kí ẹ fi èdè wọn béèrè bóyá omi gbóná tó, bóyá ariwo wà, bóyá oúnjẹ bá wọn lára mu. Wọ́n á kọ ohun tí ẹnu wọn ò lè sọ.

Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò ìrìn àjò nílùú Osaka ní Japan, ìdí káńtà tí oníbàárà ti ń yan ibi tó fẹ́ lọ ni mo máa ń jókòó sí. Ìyá àgbà kan wọlé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìwé ìpolówó méjì, ó ti fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ kan. Kò bi mí bóyá ibẹ̀ rẹwà. Ohun tó bi mí ni pé, láti ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì dé ìdí bọ́ọ̀sì, ìṣẹ́jú mélòó ni fún ẹni tí orúnkún ń dùn? Ṣé àtẹ̀gùn wà níbẹ̀? Ṣé ọpọ́n ìwẹ̀ wà nínú yàrá, àbí ṣáwà nìkan? Ṣé bẹ́ẹ̀dì méjì ni? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́, ṣé ó wà lójú ọ̀nà? Ìwé kan dáhùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ ló sì sanwó fún. Èkejì ni fọ́tò rẹ̀ dára jù, ó dá a padà sórí àtẹ.

Ìyá mi, ìfọ̀kànbalẹ̀ ni wọ́n ń fowó rà. Ìsinmi wọn ò gùn. Òfin ibẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi 10 lọ́dún lẹ́yìn oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́, ó lè di 20 bó bá pẹ́, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í lò ó tán. Ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́rin péré, wákàtí kan tó ṣòfò á dùn ún wọra. Tí ẹ bá kọ ọ́ pé ọkọ̀ á gbéra ní aago 8:10, kó gbéra ní 8:10. Bó bá máa pẹ́, ẹ tètè wí.

Ẹ wo Yellowknife, ní àríwá Kánádà. Òtútù ibẹ̀ máa ń lọ sí ìwọ̀n 30 nísàlẹ̀ òdo, síbẹ̀ ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ará Japan ti ń lọ wo aurora níbẹ̀, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ mèremère tó máa ń tàn lójú ọ̀run lálẹ́. Atọ́nà tó gbọ́ èdè wọn wà, wọ́n ń yá wọn ní ẹ̀wù òtútù, ọkọ̀ ń gbé wọn lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì, àgọ́ tí wọ́n dáná sí sì ń dúró dè wọ́n. Ibi tó le kì í lé wọn sá bí ètò bá ti gún.

Ẹ ra sílípáàsì àti kẹ́tù sí yàrá. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní. Kì í ṣe àṣà wọn láti fún òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ní owó ọpẹ́ (tip), torí náà ẹ ka gbogbo rẹ̀ mọ́ iye tí ẹ dá. Bí ẹ bá sì ń ta nǹkan jíjẹ, ẹ wé e lọ́kọ̀ọ̀kan sínú páálí, torí àṣà wọn ni láti pín omiyage, ìyẹn ẹ̀bùn ìrìn àjò, fáwọn ará ibi iṣẹ́ wọn bí wọ́n bá délé.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé wọn ò rìnrìn àjò bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Lọ́dún 2019, wọ́n lé ní mílíọ̀nù 20 tó jáde nílùú wọn. Ní 2024, nǹkan bíi mílíọ̀nù 13 ni. Owó wọn ló já wálẹ̀: nǹkan bíi yen 110 ni dọ́là kan ní 2019, àmọ́ ó kọjá 160 láàárín 2024. Kòríà àti Taiwan tó wà nítòsí ni ọ̀pọ̀ ń lọ báyìí. Bí ibi tí ẹ wà bá jìnnà, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ni kí ẹ kọjú sí. Wọ́n ráyè, wọn kì í sì í fẹ́ lọ lásìkò ìsinmi tí wọ́n ń pè ní Golden Week, láti ìparí oṣù kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkarùn-ún, tàbí Obon, àjọ̀dún ìrántí àwọn baba ńlá wọn, ní àárín oṣù kẹjọ, nígbà tí gbogbo nǹkan wọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ èdè ò tó wa lò?

ÌDÁHÙN: Fún ẹ káàbọ̀ àti ẹ káàárọ̀, ó tó. Fún ohun tí àlejò máa kà kó tó sanwó, kò tó. Ẹ wá ọmọ Japan kan kọ ọ́. Bí owó yín ò bá lè gbé gbogbo rẹ̀, iye owó, aago ọkọ̀ àti ohun tó wà nínú oúnjẹ ni kó kọ́kọ́ kọ.