Èsì: Ẹja onídán inú àlọ́ Thailand
Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ fẹ́ mọ ibi tí ẹranko onídán inú àlọ́ Thailand ti ń rí agbára. Nínú Pla Bu Thong, àlọ́ ẹja wúrà, ìyá ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ueai, tí ọkọ rẹ̀ pa sódò, ló padà wá di ẹja, tí ọmọ náà sì ń fún un ní oúnjẹ. Nígbà tí orogún ìyá rẹ̀ se ẹja náà, pẹ́pẹ́yẹ fi ìpẹ́ kan pamọ́ fún Ueai. Ueai rì í mọ́lẹ̀, ó hù di ikàn. Orogún tún fa ikàn tu (kì í rẹ̀ ẹ́!), ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ di igi Bodhi (igi mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà) méjì, ti wúrà àti ti fàdákà, tí ẹnikẹ́ni kò lè fà tu àfi Ueai. Lójú tèmi, agbára ìyá ni.