Kí ló dé tí ìyẹ̀fun Chicken 65 mi ń bó sínú òróró?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Èmi àti ọkọ mi jẹ Chicken 65 (adìẹ díndín aláta ti àwọn ará gúúsù Íńdíà) nílé oúnjẹ àwọn Tamil kan ní East Ham, ní London níbí. Ó dùn mọ́ wa débi pé mo ní kí n máa ṣe é nílé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti da ẹran sínú òróró báyìí, ìyẹ̀fun ara rẹ̀ á bó, ata á jóná, á korò, inú ẹran á sì gbẹ bíi pákó. Yógọ́ọ̀tì, ẹyin, ata, iyọ̀ àti cornflour ni mo fi ń po ẹran náà láti alẹ́ mọ́jú. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa? (Ìyá Ìbejì)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú làálàá. Omi ló ń bá yín jà. Iyọ̀ a máa fa omi jáde lára ẹran. Ìyẹ̀fun tẹ́ ẹ pò mọ́ ọn láti alẹ́ ti mu omi yẹn yó kí ilẹ̀ tó mọ́, yógọ́ọ̀tì sì tún fi tiẹ̀ kún un. Bó bá wá kan òróró gbígbóná, omi náà á di ooru, á sì ti ìyẹ̀fun kúrò lára ẹran. Èyí tó bó yẹn ló ń jóná nínú òróró tó ń sọ gbogbo rẹ̀ di kíkorò.

Nítorí náà, èròjà lè sùn mọ́ ẹran, ìyẹ̀fun kò gbọdọ̀ bá a sùn.

Itan adìẹ tí kò léegun ni kẹ́ ẹ rà, ẹ fi àyà sílẹ̀, òun ló máa ń gbẹ. Ẹ gé ìdajì kílò sí wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ sì fi tíṣù nù ún gbẹ dáadáa. Ẹ fi ṣíbí ìjẹun kan ata ilẹ̀ àti aáyù tẹ́ ẹ lọ̀ kúnná pò ó (aáyù tí kò kúnná máa ń jóná), pẹ̀lú ṣíbí ìpo-tíì méjì ata Kashmiri, ata ilẹ̀ pupa díẹ̀, garam masala (àpòpọ̀ èròjà olóòórùn ti àwọn ará Íńdíà) díẹ̀, iyọ̀, àti omi ìdajì ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yógọ́ọ̀tì dandan, ṣíbí ìjẹun kan ti tó, kó sì jẹ́ èyí tó ki. Ẹ gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí kan tàbí méjì.

Ẹ má fi ata gígún tiwa rọ́pò ata Kashmiri ní ìwọ̀n kan náà o! Ata Kashmiri pupa ju bó ṣe ń ta lọ. Bẹ́ ò bá rí i, ẹ da paprika pọ̀ mọ́ ata gígún díẹ̀. Pupa fòò tẹ́ ẹ máa ń rí nílé oúnjẹ, aró ni nígbà púpọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Karnataka ní Íńdíà tiẹ̀ fòfin de aró àtọwọ́dá nínú kebab (ẹran tàbí ẹja tí wọ́n yan tàbí dín) lọ́dún 2024. Ẹ má wulẹ̀ lé àwọ̀ yẹn.

Ó di ìgbà tí òróró bá ti wà lórí iná kẹ́ ẹ tó fi funfun ẹyin kan, ṣíbí ìjẹun méjì cornflour àti ọ̀kan ìyẹ̀fun ìrẹsì sí i. Ìyẹ̀fun ìrẹsì ló máa jẹ́ kó máa ró kàràkàrà lẹ́nu. Kó kàn bo ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Bó bá ń kán tótó, ẹ fi cornflour díẹ̀ kún un.

Kí òróró gbóná dé nǹkan bí 170°C. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da gbogbo ẹran sí i lẹ́ẹ̀kan náà, torí òróró á tutù, ẹran á sì máa mu ún. Ẹ má tètè rò ó. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan kí èèpo rẹ̀ lè dì. Ó máa tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó jinná. Bẹ́ ẹ bá ní tẹ̀mọ́mítà, inú ẹran gbọ́dọ̀ dé 74°C.

Ewé kọ́rì ló kù, òun gan-an ló ni òórùn tẹ́ ẹ gbọ́ ní East Ham. Ẹ má fi kọ́rì oníyẹ̀fun rọ́pò rẹ̀, kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní ewé kọ́rì láwọn ọjà Nàìjíríà náà, ọ̀pọ̀ ìgbà, irú ẹfinrin kan ni. Ẹ ra tútù lọ́wọ́ àwọn ará Íńdíà, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òróró á ta sí yín lójú. Ẹ yan án nínú òróró díẹ̀ pẹ̀lú ata tútù tẹ́ ẹ là sí méjì, kẹ́ ẹ da ẹran sí i, ẹ yí i pọ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ìlú Hyderabad ní Íńdíà máa ń da yógọ́ọ̀tì sí i níbí, kó lè lómi díẹ̀. Èmi fẹ́ràn gbígbẹ jù, pẹ̀lú àlùbọ́sà tútù àti ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ ò bèèrè 65 inú orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àlejò yín á bèèrè. Àwọn kan ní ata márùndínláàádọ́rin ni, àwọn míì ní nọ́ńbà rẹ̀ lórí ìwé oúnjẹ ni. Buhari Hotel tó wà ní Mount Road nílùú Chennai ní Íńdíà (kì í ṣe Buhari tiwa o) sọ pé ọdún 1965 làwọn bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ìyẹn ni mo gbà, torí wọ́n tún ní Chicken 78, 82 àti 90, ọdún sì ni nọ́ńbà tiwọn náà.

Bó bá jẹ́ ti àlejò púpọ̀, ẹ dín in ṣáájú, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sórí asẹ́. Bí wọ́n bá ti jókòó, ẹ dá a padà sínú òróró 180°C fún ìṣẹ́jú kan péré, kẹ́ ẹ tó yan ewé kọ́rì.