Kókó tó wà lójú ibi tí eegun ti kán: ẹ má wọ́ ọ o

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kúuṣẹ́. Ọmọ mi ọmọ ọdún 8 ṣubú, apá ẹ̀ kán lókè ọrùn ọwọ́. Wọ́n tú POP lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wá rí kókó líle kan níbẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ ló dì, pé kí n máa fi omi gbígbóná wọ́ ọ kó lè yọ́. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má bẹ̀rẹ̀ o, mo bẹ̀ yín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì yìí ti sú mi. Lóòótọ́ ẹ̀jẹ̀ máa ń dì síbi tí eegun bá kán, àmọ́ ọjọ́ tó kán gan-an nìyẹn, kó tó tó ọ̀sẹ̀ 3 ara á ti fi nǹkan tó rọ̀ bí eegun etí dí ojú ibẹ̀, ìyẹn náà ló ń le títí tó fi ń di eegun. Eegun tuntun lẹ fọwọ́ bà yẹn! Ara mọ ọ́n kó ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí ibẹ̀ má bàa tún ṣẹ́ ni.

Ara náà ló sì máa gbẹ́ ẹ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń jẹ eegun, osteoclast la ń pè wọ́n, àwọn mí-ìn ń mọ tuntun dípò, ibi tí agbára bá ti ń wọ eegun ni wọ́n ń mọ kó ki, ibi tí ò níṣẹ́ ni wọ́n ń jẹ kúrò. Julius Wolff, dókítà ará Jámánì, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1892. Kódà eegun àgbàlagbà tí ò kán rí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹ̀ lara ń sọ dọ̀tun lọ́dún. Tọmọdé tiẹ̀ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kókó yẹn ṣì lè pẹ́ tó oṣù mélòó kan, àní ó lè ju ọdún kan lọ.

Wọ́n gbé ọmọ kan wá bá mi rí, ìgbọ̀nwọ́ ló fi ṣèṣe, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wọ́ ọ tó ń ké, ìgbà tá a máa ya x-ray, eegun ti hù sínú ẹran apá ẹ̀, kò lè ká ọwọ́ kan ẹnu mọ́. Ó dùn mí gan-an.

Mi ò rí x-ray ọmọ tiyín o, dókítà tó tú POP ló máa sọ bóyá eegun ti so dáadáa àti ìgbà tó lè padà máa sáré. Bí ọwọ́ bá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn kì í sábà tún ara ẹ̀ ṣe, ẹ tètè lọ fi hàn wọ́n. Bó bá ń ro ó sí i, tí ìka ń kú, tàbí tí ibẹ̀ pọ́n tó ń gbóná, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Bí kò bá sí ìyẹn, ẹ jẹ́ kó máa fọwọ́ yẹn jẹun, kó máa fi wọṣọ, kó máa fi kọ̀wé.