Seychelles fún ẹni tí kò mọ odò wẹ̀

Ìbéèrè: Èmi àti ọkọ mi fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Seychelles. Gbogbo àwòrán tí à ń rí, etíkun ni. Ọkọ mi ò mọ odò wẹ̀, oòrùn kì í sì í bá a lára mu. Ṣé nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tó yẹ ní wíwò? Erékùṣù mélòó ni ká dé, oṣù wo ló sì dára jù?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀ nítorí ọkọ yín. Etíkun ni wọ́n fi ń polówó Seychelles torí pé òun ló yá à tà. Èmi tí mò ń bá àwọn èèyàn ṣètò ìrìnàjò lọ síbẹ̀, orí ilẹ̀ ni mo rí ọlá ibẹ̀ sí.

Erékùṣù 115 ló para pọ̀ di orílẹ̀-èdè náà, láàárín Òkun Íńdíà, ní nǹkan bí 1,500 kìlómítà sí ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ erékùṣù tó wà láàárín agbami láyé, òkè ayọnáyèéfín ló gbé wọn jáde, tàbí kí iyùn òkun gbá jọ di ilẹ̀. Mahé, Praslin àti La Digue, àwọn erékùṣù mẹ́ta tí mo fẹ́ kí ẹ dé, ò rí bẹ́ẹ̀. Àpáta granite ni wọ́n, ọjọ́ orí àpáta náà sì ju 700 mílíọ̀nù ọdún lọ. Àjákù ilẹ̀ ńlá kan ni wọ́n, tó ṣẹ́ kù sójú òkun nígbà tí Íńdíà ń ya kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Madagásíkà. Igi àti ẹranko tó wà lórí àjákù yẹn dá wà fún ìgbà pípẹ́, títí wọ́n fi di irú tí ẹ ò lè bá pàdé níbòmíràn.

Praslin ni mo ti fẹ́ kí ẹ rí i. Igbó kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Vallée de Mai, tí UNESCO ti fi sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé láti 1983. Inú òjìji pátápátá ni ẹ ó wà, nítorí ewé igi coco de mer fẹ̀ débi pé oòrùn kì í fẹ́ẹ̀ ráyè kanlẹ̀. Tí atẹ́gùn bá fẹ́, àwọn ewé náà á máa pa ara wọn pàrà pàrà lókè orí yín. Praslin àti Curieuse tó wà nítòsí rẹ̀ nìkan ni igi yìí ti ń lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀. Kóró inú èso rẹ̀ ló tóbi jù nínú gbogbo kóró igi láyé. Ó lè wúwo ju kìlógíráàmù 15 lọ, ó sì ń tó ọdún mẹ́fà sí méje kó tó gbó. Ìrísí rẹ̀ dà bí ìbàdí obìnrin, ẹ ò ní ṣàìrẹ́rìn-ín. Kí àwọn atukọ̀ tó mọ igi tó ń so ó, etíkun Maldives ni omi máa ń gbé e dé, wọ́n sì gbà pé ìsàlẹ̀ òkun ló ti ń hù. Nígbà tí Charles Gordon, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, dé igbó náà ní 1881, ohun tó sọ ni pé ọgbà Édẹ́nì rèé.

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ wọlé, kí ẹ sì gba amọ̀nà lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló máa bá yín ṣàwárí odídẹrẹ́ tó jẹ́ ti Praslin nìkan. Ẹ má wá ìkóódẹ lára rẹ̀ o. Àwọ̀ ṣókùnkùn ló ní látòkè délẹ̀. Bó bá wù yín láti ra coco de mer mú lọ sílé, ibi tí wọ́n á ti fún yín ní ìwé àṣẹ ìjọba ni kí ẹ ti rà á. Láìsí ìwé yẹn, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfuurufú.

Láti Praslin, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré lọ sí Curieuse lọ́jọ́ kan. Àwọn alábahun ràgàjì ń rìn fàlàlà níbẹ̀, afárá pákó sì gba àárín igi mangrove, irú igi tó ń hù nínú omi iyọ̀ létí òkun, kọjá. Ẹnìkan lè sọ fún yín pé erékùṣù Aldabra ni àwọn alábahun wà jù. Òótọ́ ni, wọ́n ju 100,000 lọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ju 1,000 kìlómítà lọ sí Mahé. Ẹ yọ ọ́ kúrò lọ́kàn.

La Digue kéré, kẹ̀kẹ́ ni gbogbo èèyàn ń gùn. Etíkun Anse Source d'Argent tí ẹ ti ń rí nínú àwòrán, ibẹ̀ ló wà. Ẹ ó san owó ìwọlé ní L'Union Estate, oko àtijọ́ kan, kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Etíkun yìí ò ní ṣe ọkọ yín ní nǹkan kan. Omi rẹ̀ ò jìn, iyùn òkun ń dá ìgbì dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì lè wọ́ ọ títí dé orúnkún. Ìwọ̀-oòrùn ló kọjú sí, torí náà òjìji máa ń wà lẹ́yìn àwọn àpáta láàárọ̀. Etíkun Grand Anse lódìkejì erékùṣù rẹwà ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú tèmi, àmọ́ wíwò ni o. Omi ibẹ̀ máa ń wọ́ èèyàn lọ, ẹni tó mọ odò wẹ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ fi ṣeré.

Ní Mahé, ìdajì ọjọ́ ti tó fún Victoria, olú ìlú, pẹ̀lú ọjà rẹ̀ àti aago tí wọ́n gbé ró ní 1903. Ẹ fi àárọ̀ kan gun òkè Copolia. Abẹ́ igi lẹ ó máa gbà títí ẹ ó fi dé orí àpáta, níbi tí ewéko tó ń mú kòkòrò jẹ ti ń hù.

Erékùṣù mẹ́ta yìí ti tó fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá ti balẹ̀ sí Mahé, ẹ kọjá sí Praslin lójú ẹsẹ̀, ẹ sun oorun mẹ́ta níbẹ̀, méjì ní La Digue, kí ẹ wá fi méjì tó kù sí Mahé. Nípa bẹ́ẹ̀, bí òkun bá ru tí ọkọ̀ ò lè gbéra, bàálù tí ẹ máa bá padà kò ní já yín sílẹ̀. Nǹkan bíi wákàtí kan ni ọkọ̀ ojú omi ń lò láti Mahé dé Praslin. Láti Praslin sí La Digue kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ.

Ní ti oṣù, oṣù kẹrin, tàbí ìkẹwàá sí ìkọkànlá. Ìgbà yẹn ni atẹ́gùn ń pààrọ̀ ọwọ́, tí òkun sì ń pa rọ́rọ́. Láti oṣù karùn-ún dé ìkẹsàn-án, atẹ́gùn gúúsù-ìlà-oòrùn máa ń fẹ́ gan-an. Ojú ọjọ́ tutù díẹ̀ nígbà náà, èyí tó lè bá ọkọ yín lára mu, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi á mì yín débi èébì. Oṣù kìíní ni òjò pọ̀ jù.

Wọn kì í sábà béèrè físà lọ́wọ́ àlejò. Síbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda ìrìnàjò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó wọ bàálù, kí tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ àti ìwé ibi tí ẹ máa sùn sì wà lọ́wọ́ yín. Bó bá jẹ́ orílẹ̀-èdè tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ti ń jà lẹ ti ń bọ̀, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání. Rupee ni owó wọn. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì ń gba yúrò, àmọ́ rupee ni kí ẹ mú wọ bọ́ọ̀sì.